DÁÓDÙ, BÀBÁ ÀWỌN TÍṢÀ: ÌWÉ-Ẹ̀RÍ WO NÍ Ń SỌ ÈNÌYÀN DI OLÙKỌ́?

  Ẹ ṣé tí ẹ tún yọ̀ǹda ojú ewé díẹ̀ fún mi nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Nígbà tó kọjá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ti ẹ̀wà ilé oúnjẹ wa ni mo fi pa yín lẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn àgbà olùkọ́ kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dópin, nítorí pé ìtàn náà kan ọ̀rọ̀ tí a ó dìbò lé lórí nígbà tí a bá pàdé.

Ọ̀RỌ̀ TÓ DÁ WÀHÁLÀ SÍLẸ̀

Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní tíì gbàgbé. A ti jẹun tán, a ti ń mu nǹkan tútù, nígbà tí ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ìṣirò dìde. Ó ní tíṣà mẹ́fà ló wà ní ilé-ìwé wa báyìí tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló ń dáwó san owó oṣù wọn, nítorí pé ìjọba kò rán ènìyàn wá. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ rárá, ó sì bẹ̀ wá pé kí a fi owó tó wà nílẹ̀ rán wọn lọ kàwé sí i dípò kí a fi kun géètì.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní ẹni tí kò bá níwèé-ẹ̀rí kò yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ inú kíláàsì, kí wọ́n lé gbogbo wọn. Ẹlòmíràn tún bu epo sí iná náà, ó ní àwọn tó ní NCE pàápàá, kí ni wọ́n ń wá ní ilé-ìwé girama? Ó ní dìgírì nìkan ló yẹ kí á gbà. Ó gbàgbé pé NCE ni ọ̀rẹ́ wa tó kọ́kọ́ dìde ní. Ọkùnrin náà kò fèsì. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ti lọ kí a tó gbàdúrà ìparí.

Èmi náà dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìdákẹ́jẹ́ mi kò sì bá mi lára mu títí di òní. Ẹ mọ̀ pé Pólì ni mo lọ, HND ni mo sì ní. Nígbà tí mo parí ìsìnlú, kí n tó ríṣẹ́ ìròyìn, mo fi oṣù mẹ́jọ ṣe tíṣà ní ilé-ìwé aládàáni kan. Onílé-ìwé náà yẹ ìwé mi wò, ó ní ìwé tó dáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé tíṣà, ó sì gé owó oṣù mi sí ìdajì. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, nígbà tí mo dójú pátákó níwájú àwọn ọmọ JSS kejì, mo rí i pé mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò kàn mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ni. Àwọn ọmọ náà jìyà àìmọ̀ mi. Ìwé-ẹ̀rí kì í ṣe ohun àfiṣẹ̀sín.

BÍ ÌLÀNÀ ṢE RÍ

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n to ìlànà náà kalẹ̀, nítorí pé ariwo wa lọ́jọ́ náà ju ìmọ̀ wa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ láti JSS kìíní dé ìkẹta ní Nàìjíríà, NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí ìlànà ìjọba fọwọ́ sí. Ọdún 3 ni wọ́n ń fi kà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹni tó ń kà á yóò sì lọ dánra wò níwájú àwọn ọmọ gidi ní ilé-ìwé gidi, ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí TP. Lókè ìyẹn ni dìgírì ẹ̀kọ́ olùkọ́ wà, B.Ed., B.A.Ed. tàbí B.Sc.Ed. Ọdún 4 ni fún ẹni tó gba JAMB wọlé, ẹni tó bá sì ti ní NCE lè fi ọdún 3 ṣe é. Ẹni tó bá gba dìgírì nídìí iṣẹ́ mìíràn, tàbí tó ní HND bíi tèmi, ó gbọ́dọ̀ gba PGDE lé e. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tún ku ìdánwò àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀.

Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì tó pariwo lọ́jọ́ yẹn ló ṣì í. Ọ̀rẹ́ wa tó ní NCE kò jalè wọ kíláàsì JSS, ibẹ̀ gan-an ni ìlànà fi í sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ kí a máa kọ orúkọ olùkọ́ sínú ìwé kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ àná ni. Rárá o. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1926 ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ìhà gúúsù Nàìjíríà nígbà náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àwọn olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ, ìjọba sì lágbára láti ti ilé-ìwé tí kò bá dára pa. Ọkùnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún yẹn, ọ̀gá ilé-ìwé girama ni, ó ní dìgírì. Kò sẹ́ni tó lè yẹ ìwé rẹ̀ wò kó gé owó oṣù rẹ̀ sí ìdajì. Síbẹ̀, òun ló ko ara rẹ̀ sínú ìjà àwọn tíṣà tí ìwé wọn kò tó tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti. Dáódù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é.

ỌMỌ ÀLÙFÁÀ ẸLẸ́GBÀÁ ORIN

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1891 ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀ ni Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí orin. Bàbá náà ló gba àwọn orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ọmọ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí, ìwé àti ìjọ ni yóò fi ṣe ilé.

Nígbà tí wọ́n dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1908, Israel wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Nígbà tó di 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọmọ tó bá fẹ́ gba dìgírì, bí kò bá rówó lọ sí Ìlú Ọba, Fourah Bay ló kù. Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní dìgírì láti ọdún 1876. Ẹ rò ó wò ná: kí ọmọ Ẹ̀gbá tó lè di B.A., ó ní láti la òkun kọjá lọ jókòó ní Sàró, kí wọ́n sì fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé rẹ̀. Ní 1916 ni Israel gba tirẹ̀.

Ẹni tó ní dìgírì nígbà náà kò wọ́pọ̀, a lè fi ìka kà wọ́n. Ọ́fíìsì ìjọba ń wá wọn, ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò ń wá wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí padà sí. Ó kọ́kọ́ kọ́ni ní CMS Grammar School ní Èkó láti 1916 dé 1918. Ó tún gba oyè àlùfáà bíi ti bàbá rẹ̀.

ỌDÚN MẸ́TÀLÁ NÍ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE

Ní 1919, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913. Ọmọ ọdún 28 péré ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní nǹkan bí ọjọ́ orí yẹn nígbà tí ẹ gba iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ wo irú ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí. Ọdún 13 ló lò níbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbé Fúnmiláyọ̀ Thomas níyàwó ní oṣù kìíní ọdún 1925. Tíṣà ni ìyàwó náà, òun pẹ̀lú sì ti wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School, kó tó lọ kàwé sí i ní Ìlú Ọba láti 1919 dé 1922.

Nínú àwọn ọdún yìí ni nǹkan ń yí padà nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ìgbìmọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Phelps-Stokes, ti yí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1922 pé ètò ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò gún régé tó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ìlànà tiwọn ní 1925. Ní 1926, òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dé: ìforúkọsílẹ̀ di dandan.

Ohun rere wà nínú òfin náà, kò sí àní-àní. Kò sí òbí tó fẹ́ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan máa fi pàṣán lé ọmọ òun kiri. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí bàtà ti ń ta tíṣà lẹ́sẹ̀. Àwọn ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Tíṣà ìjọ àti tíṣà ilé-ìwé ìjọba ń ṣe iṣẹ́ kan náà, owó wọn kò dọ́gba, ipò wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀gá ìjọ lè gbé tíṣà láti abúlé kan sí òmíràn bí ó ti wù ú. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, bíi St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ àti Wesley ní Ìbàdàn, kò tó gba gbogbo ẹni tó nílò wọn. Òfin bèèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ tíṣà, ó dára. Ta ni yóò rán an lọ gbà á? Ta ni yóò sì san owó tó yẹ ẹ nígbà tó bá gbà á tán? Tíṣà kan ṣoṣo ní abúlé kò lè bi ìjọba ní irú ìbéèrè yìí. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ní ọdún 1926 yẹn kan náà, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Ransome-Kuti ló sì ṣáájú wọn. Àwọn tíṣà Èkó ti dá tiwọn sílẹ̀ ní 1925. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń gbòòrò. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1931, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí pàdé ní Èkó, wọ́n di ọ̀kan, Nigeria Union of Teachers, NUT. Ransome-Kuti ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Tíṣà kan láti Calabar, E. E. Esua, náà ṣe akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà.

ÀGBÁJỌ ỌWỌ́

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ní dìgírì kò ní ìdí kankan láti jókòó pọ̀ mọ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ìwé-ẹ̀rí Elementary ni ti ẹni tó ka ọdún 2 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Higher Elementary sì ni ti ẹni tó padà lọ ka ọdún 2 mìíràn. Àwọn ni àwọn bàbá wa padà mọ̀ sí Grade Three àti Grade Two. Lábẹ́ wọn ni àwọn tí kò níwèé kankan wà. Lókè pátápátá ni àwọn díẹ̀ tó ní dìgírì. Bí ẹni òkè bá fẹ́ ya ẹgbẹ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ta ni yóò bá a wí?

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ni NUT, kì í ṣe méjì. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti tíṣà girama wà nínú rẹ̀. Tíṣà ìjọ Áńgílíkà àti ti Mẹ́tọ́díìsì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ará Èkó, Ìjẹ̀bú àti Calabar. Ransome-Kuti sì jẹ́ ààrẹ wọn láti 1931 dé 1954, ọdún 23 gbáko, kò sí ọdún kan tí kò ru ẹrù yẹn mọ́ iṣẹ́ ilé-ìwé tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìdánwò dé. Àwọn ọdún 1930 ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé. Owó tí ìjọba fi ń ran àwọn ilé-ìwé ìjọ lọ́wọ́ fà sẹ́yìn, owó oṣù tíṣà sì fara gbá a. NUT kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n rán aṣojú lọ, wọ́n ní kí ìwé-ẹ̀rí kan náà máa gba owó kan náà, yálà ìjọ ló ni ilé-ìwé tàbí ìjọba. Ìjà náà pẹ́, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ohun tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ jèrè ni pé ìjọba kò tún lè ṣe bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀PÁ ÀTI ÀRÒYÉ

Ní 1932, Ransome-Kuti padà sílé. Ó di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, ilé-ìwé tó ti jẹ́ ọmọ níbẹ̀ rí. Ọdún 22 ló fi ṣe é. Àwọn tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kò gbàgbé pàṣán rẹ̀, mo rò pé ẹ̀yin olùkọ́ wa kan tí mo ń wò lọ́kàn yìí yóò rẹ́rìn-ín síbí. Ọ̀gbẹ́ni Wọlé Ṣóyínká tó ka ìwé níbẹ̀ fi í sínú ìwé Aké tó jáde ní 1981. Ọ̀gá tó le ni nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rojọ́ ara rẹ̀, tó sì ń gbádùn àròyé tó bá mọ́gbọ́n wá.

Àwọn ọmọ tirẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ pàṣán. Dolúpọ̀ ni àkọ́bí, ó ṣe nọ́ọ̀sì. Olíkóyè di dókítà àwọn ọmọdé, ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992. Fẹlá, tó ka ìwé lábẹ́ bàbá rẹ̀ ní ilé-ìwé yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun náà ló padà gbé àwo orin jáde ní 1986 tó ń bá tíṣà tó ń kọ́ni ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ wí. Bẹ́kọ̀ di dókítà, ó sì tún di ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀, ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta ní ìwé kíkà. Nínú ìjókòó yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti gbilẹ̀, àwọn tó ja ìjà owó orí títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ẹ ò rí i pé ilé tíṣà ni ilé náà látòkè délẹ̀.

DÌGÍRÌ NÍ ILÉ WA

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò tíì yanjú: dìgírì. Ìjọba dá Higher College sílẹ̀ ní Yábàá ní 1932, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní 1934. Ó ń kọ́ àwọn tí yóò ṣe tíṣà girama àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n dípúlómà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, Nàìjíríà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe dìgírì. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀, igbákejì òyìnbó ni yóò máa ṣe lẹ́nu iṣẹ́, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó, inú ìbínú yìí sì ni ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement ti jáde ní 1934. Èmi tí mo jáde ní Pólì, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo HND lẹ́gbẹ̀ẹ́ B.Sc., mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dun àwọn èwe ìgbà náà.

Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Walter Elliot láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Áfíríkà mẹ́ta ni wọ́n fi sínú rẹ̀: Korsah láti Gold Coast, Taylor-Cummings láti Sàró, àti tíṣà wa, Ransome-Kuti, láti Nàìjíríà. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní 1945, ìgbìmọ̀ náà pín sí méjì. Àwọn kan ní yunifásítì kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ilẹ̀ náà, kí ó wà ní Ìbàdàn. Àwọn tó pọ̀ jù ní rárá, kí Nàìjíríà, Gold Coast àti Sàró ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kíyè sí ibi tí Ransome-Kuti dúró sí. Bí ó bá jẹ́ pé ti ilé tirẹ̀ nìkan ló ń rò, ìmọ̀ràn pé kí ó wà ní Ìbàdàn nìkan ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí ti àwọn tó ní kí ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní in, àwọn ọmọ Áfíríkà méjì yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi nítorí B.A. mọ ohun tó jẹ́ pé kí ilé-ìwé jìnnà sí ọmọ tálákà.

Ní 1948, University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ti Gold Coast náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà. Dìgírì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà ní Ìbàdàn, títí ó fi dá dúró ní 1962. Ọmọ tó bá fẹ́ di tíṣà girama tó ní dìgírì kò tún ní láti la òkun kọjá mọ́.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Ní 1954, ó fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì fi ipò ààrẹ NUT sílẹ̀ pẹ̀lú. Ara kò le mọ́, àìsàn jẹjẹrẹ ti wọlé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ tó lé ní 800,000 ló rọ́ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Wọ́n tún dá ilé-ìwé Mọ́dà ọlọ́dún 3 sílẹ̀ fún àwọn tó bá jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò lọ sí girama. Lójijì, àwọn tíṣà tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Wọ́n kó àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ wọ kíláàsì, wọ́n sì ń sáré kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún Grade Three.

Ransome-Kuti kò rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yanjú. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1955, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 63 ni. Ní 1960, ìgbìmọ̀ Ashby sọ pé kí a wá ọ̀nà láti kọ́ àwọn tíṣà tó dájú fún ilé-ìwé girama, láàárín àwọn ọdún 1960 náà sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní NCE. Ìwé tí ọ̀rẹ́ wa gbé lọ́wọ́ tí ẹ fi ń ṣẹ̀sín lọ́jọ́ yẹn, ibi tó ti ṣẹ̀ wá nìyẹn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú Dáódù ni, inú àìtó tíṣà tó fi sílẹ̀ lọ ni wọ́n ti wá a jáde.

OHUN TÓ KÀN WÁ

Ìgbésí ayé bàbá yìí kò sọ fún mi pé ìwé-ẹ̀rí kò já mọ́ nǹkan. Ẹni tó la òkun kọjá nítorí dìgírì, tó sì bá wọn jókòó kí dìgírì lè dé Ìbàdàn, kò lè rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé ẹni tó ti ní in kò gbọ́dọ̀ fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò tíì ní. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Tíṣà tó ní dìgírì nílò ẹni tó ní NCE, àwọn méjèèjì sì ni kí wọ́n na ọwọ́ sí ẹni tí kò níkankan, kí ó lè gun òkè wá bá wọn.

Àwọn tíṣà mẹ́fà yẹn wà ní ilé-ìwé wa bí mo ti ń kọ èyí. Bí a bá lé wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ wa ti báńkì ṣe wí, kíláàsì yóò ṣófo, nítorí pé kò sí ẹni tí ìjọba rán wá dípò wọn. Bí a bá sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yóò jẹ irú ìyà tí àwọn ọmọ JSS kejì jẹ lọ́wọ́ tèmi. Ọ̀nà kẹta wà. National Teachers' Institute ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ń kọ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní NCE àti PGDE láìjẹ́ pé wọ́n fi kíláàsì wọn sílẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ètò ìgbà ìsinmi tí a mọ̀ sí sandwich. Àwọn tí kò ní ju ìwé mẹ́wàá lọ, kí wọ́n lọ gba NCE. Àwọn tó ní dìgírì tàbí HND, kí wọ́n lọ gba PGDE, kí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ ní TRCN. Owó géètì tó èyí láti bẹ̀rẹ̀. Géètì wa ti dípẹtà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tì, ó ṣì ń ṣí.

Nítorí náà, nígbà tí alága bá pe ìbò, ọwọ́ tèmi yóò lọ sókè fún àwọn tíṣà. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé ọ̀rẹ́ wa pé kí ẹ yà níbẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Èmi fúnra mi yóò yà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ láti tọrọ àforíjì, nítorí pé mo jókòó lọ́jọ́ yẹn, mo mọ òótọ́, mi ò sì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó wá jókòó ní iwájú lọ́dún yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó ṣì wà láyé, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Àwọn tó ti sùn, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Ó dìgbà tí a bá fojú kojú.